Bí A Bá Yọ Búrẹ́dì àti Mílíìkì Kúrò Nínú Oúnjẹ Ọmọ Tó Ní Ọ́tísìmù, Kí Ni A Ó Fi Rọ́pò Wọn?

  

Ọ̀rọ̀ ìlera wa ti ọ̀tẹ̀ yìí dá lórí ìbéèrè kan tí àwọn òbí máa ń béèrè. Ọmọ wọn ní ọ́tísìmù, tàbí dókítà ti ń fura sí i. Ẹbí kan tó wà lókè òkun, tàbí ọ̀rẹ́ kan ní Èkó, wá sọ fún wọn pé kí wọ́n má fún ọmọ náà ní búrẹ́dì mọ́, kí wọ́n má sì fún un ní mílíìkì mọ́. Ó ní ara ọmọ yóò balẹ̀, yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Ṣé òótọ́ ni? Bí a bá sì fẹ́ ṣe é, kí ni ẹni tó ń gbé Ọ̀tan Ayégbajú, Ìrèsì, Igbájọ tàbí Èrípa yóò máa fún ọmọ jẹ?

Ìdáhùn wa ní ṣókí nìyí. Oúnjẹ yìí kì í wo ọ́tísìmù. Ó lè ran ọmọ tí inú ń yọ lẹ́nu lọ́wọ́. Ṣíṣe é kò le níbi tí a wà yìí, nítorí pé púpọ̀ nínú oúnjẹ ilẹ̀ wa kò ní ohun tí wọ́n ní ká yọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá yọ mílíìkì láì fi nǹkan kan rọ́pò rẹ̀ lè pa eegun ọmọ lára. Ẹ jẹ́ ká mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Kí ni ọ́tísìmù?

Ọ́tísìmù jẹ́ ọ̀nà tí ọpọlọ ọmọ fi dàgbà lọ́tọ̀ sí ti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Dókítà Leo Kanner ló kọ́kọ́ ṣàpèjúwe rẹ̀ kíkún, ní Amẹ́ríkà ní 1943, lára àwọn ọmọ mọ́kànlá tó tọ́jú. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé ní 2021, nǹkan bí ẹnì kan nínú ènìyàn 127 ló ní in káàkiri ayé. Nítorí náà, kò sí ìlú tí kò sí.

Ọmọ tó ní in lè má dáhùn bí a bá pe orúkọ rẹ̀. Ó lè má fi ìka tọ́ka sí ohun tó wù ú bí àwọn ọmọ yòókù ti ń ṣe. Ó lè máa tún ọ̀rọ̀ kan náà sọ, kó máa gbọn ọwọ́, kó máa to ìdérí ìgò sí ìlà láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, kó sì máa di etí bí gbohùngbohùn mọ́sálásí bá dún. Àwọn mìíràn kì í sọ̀rọ̀ rárá. Àwọn mìíràn ń sọ̀rọ̀ dáadáa, ìbáṣepọ̀ pẹ̀lú ènìyàn ló nira fún wọn.

Kì í ṣe àrùn tó ń ràn. Kì í ṣe ìyá ọmọ ló fà á, kì í sì í ṣe orogún tàbí ìyá ọkọ. Ẹ jẹ́ ká sọ èyí kó yé ara wa, nítorí pé ọ̀pọ̀ ìyá ni wọ́n ti fi ẹ̀sùn yìí kàn nínú ẹbí nígbà tó jẹ́ pé ìrànlọ́wọ́ ló yẹ kí wọ́n rí. Ẹ ṣe àdúà fún ọmọ, ẹ sì gbé e lọ bá dókítà. Ànábì wa, kí ìkẹ́ Ọlọ́hun máa bá a, gbà wá níyànjú pé ká máa wá ìwòsàn, nítorí náà ọ̀kan kò dí èkejì lọ́wọ́.

Ohun kan tún wà tó kan ọ̀rọ̀ wa òní gan-an. Ọ̀pọ̀ ọmọ tó ní ọ́tísìmù máa ń ṣa oúnjẹ. Ọ̀kan kì í jẹ ohun tó bá yọ̀, èkejì kì í jẹ ohun tó bá ní àwọ̀ ewé, ẹ̀kẹta kò ní jẹ ju búrẹ́dì, tíì àti Indomie lọ. Ẹni tó bá fẹ́ yọ oúnjẹ kúrò lẹ́nu irú ọmọ bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ ohun tó ń ṣe.

Níbo ni ọ̀rọ̀ búrẹ́dì àti mílíìkì ti wá?

Èròjà méjì ni wọ́n ní ká sá fún. Èkínní ni gluten. Òun ló máa ń mú kí fúláwà tí a pò fà bíi rọ́bà. Inú àlìkámà ló wà, ó sì wà nínú ọkà báálì àti ọkà ráì. Èkejì ni casein, tó wà nínú mílíìkì. Òun ló máa ń dì nígbà tí àwọn ìyá Fúlàní bá ń se wàrà.

Ní 1979, onímọ̀ kan ní Amẹ́ríkà tó ń jẹ́ Jaak Panksepp sọ pé ìwà tí ẹranko máa ń hù bí oògùn bíi mọfíìnì bá wà lára rẹ̀ jọ ìwà ọmọ tó ní ọ́tísìmù. Lẹ́yìn náà ni Karl Reichelt àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Norway gbé èrò kan jáde. Wọ́n ní ó ṣeé ṣe kí inú àwọn ọmọ wọ̀nyí má lè lọ gluten àti casein kúnná, kí àjẹkù rẹ̀ gba inú ìfun bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀, kó sì máa ṣiṣẹ́ nínú ọpọlọ bí oògùn tó ń kun ènìyàn. Èrò náà bọ́gbọ́n mu létí, ìdí sì nìyí tó fi tàn kálẹ̀.

Ṣùgbọ́n wọ́n ti wádìí rẹ̀ wò. Ní 2008, àwọn dókítà ní Lọ́ńdọ̀nù fi ẹ̀rọ tó mú dáadáa yẹ ìtọ̀ àwọn ọmọkùnrin 65 tó ní ọ́tísìmù wò, wọn kò sì rí àjẹkù náà níbẹ̀. Ìwádìí kan ní Norway ní 2002 ròyìn pé àwọn ọmọ tó jẹ oúnjẹ yìí fún ọdún kan ṣe dáadáa ju àwọn tí kò jẹ ẹ́ lọ. Ogún ọmọ péré ni gbogbo wọn, àwọn òbí sì mọ ọmọ tó ń jẹ ẹ́ àti èyí tí kò jẹ ẹ́. Ẹni tó ti ń retí ìyípadà kì í pẹ́ rí i.

Nítorí èyí ni àwọn mìíràn ṣe fi bò. Ní Yunifásítì Florida, wọ́n ṣe é fún ọmọ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún fún ọ̀sẹ̀ méjìlá láì jẹ́ kí òbí mọ ìgbà tí ọmọ ń jẹ oúnjẹ aláìní gluten àti casein. Èsì tó jáde ní 2006 ni pé kò sí ìyàtọ̀ tó ṣeé wọ̀n. Síbẹ̀, àwọn òbí kan nínú wọn sọ pé àwọn rí ìyàtọ̀. Ní 2016, ìwádìí láti Yunifásítì Rochester, ní New York, tún jáde. Ọmọ mẹ́rìnlá, láti ọdún mẹ́ta sí márùn-ún, ni wọ́n kọ́kọ́ fi sórí oúnjẹ náà. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ń fún wọn ní ìpápánu tí ẹnikẹ́ni nínú ilé kò mọ̀ bóyá gluten wà nínú rẹ̀ tàbí casein, tàbí méjèèjì, tàbí kò sí ìkankan. Oorun wọn kò yí padà, ìgbẹ́ wọn kò yí padà, ìwà wọn kò yí padà. Kí èyí tó jáde, ní 2013, àjọ NICE tó ń fi ọ̀nà han àwọn dókítà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti kọ ọ́ sínú ìlànà rẹ̀ pé kí wọ́n má lo oúnjẹ yìí láti tọ́jú ọ́tísìmù fúnra rẹ̀ lára ọmọdé.

Kí ló dé tí àwọn òbí kan fi ń rí ìyàtọ̀?

A kò sọ pé àwọn òbí ń parọ́. Ó lè ṣẹlẹ̀ pé ara ọmọ balẹ̀ lóòótọ́ lẹ́yìn tí wọ́n yọ mílíìkì. Ìdí rẹ̀ lè wà nínú ikùn.

Ní 1971, Norman Kretchmer láti Amẹ́ríkà àti Olikoye Ransome-Kuti, ọ̀jọ̀gbọ́n ìtọ́jú ọmọdé ní Èkó tó di Mínísítà Ìlera lẹ́yìn náà, tẹ ìwádìí jáde pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn lórí bí onírúurú ẹ̀yà ní Nàìjíríà ṣe ń lo mílíìkì nínú ara wọn. Wọ́n rí i pé bí ọmọ Yorùbá bá ti kúrò ní ìkókó, inú ọ̀pọ̀ jùlọ wọn kì í lè lọ lactose, èyí tí í ṣe ṣúgà inú mílíìkì. Ti àwọn Fúlàní darandaran kò rí bẹ́ẹ̀, nítorí pé ọ̀pọ̀ nínú wọn lè mu mílíìkì dàgbà láì sí wàhálà. Nítorí náà, bí ọmọ wa bá mu ife mílíìkì ńlá, tí inú rẹ̀ wú, tó ń hó, tó sì ń yàgbẹ́ gbuuru, ẹ̀jẹ̀ Yorùbá tó wà lára rẹ̀ lè ṣàlàyé rẹ̀.

Ọmọ tó lè sọ̀rọ̀ yóò wí pé, “Màmá, inú ń run mí.” Ọmọ tí kò lè sọ̀rọ̀ yóò bu ara rẹ̀ jẹ, yóò gbá orí mọ́ ògiri, yóò sì sunkún mọ́jú. Bí a bá yọ mílíìkì, inú rẹ̀ yóò rọlẹ̀, yóò sùn, ìyá rẹ̀ yóò sì sọ pé ọ́tísìmù ti ń lọ. Inú rírun ló lọ. Ọ́tísìmù wà níbẹ̀. Nǹkan ayọ̀ ni pé inú rírun lọ, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká pe nǹkan ní orúkọ rẹ̀, kí a má baà dá ẹ̀kọ́ àti ìtọ́jú ọmọ dúró nítorí pé a rò pé ó ti sàn.

Bó bá jẹ́ lactose nìkan ló ń da ọmọ láàmú, ó lè má pọn dandan láti yọ gbogbo ohun tó ti ara màlúù jáde. Wàrà tí wọ́n ti fún omi rẹ̀ dànù, àti yógọ́ọ̀tì tàbí nọ́nọ̀ tó ti kan, kò ní lactose tó mílíìkì tútù. Ọmọ mìíràn á jẹ díẹ̀ nínú rẹ̀ láì sí nǹkan kan.

Bákan náà ni gluten rí. Àwọn ènìyàn kan wà tí ara wọn máa ń bá ìfun wọn jà bí wọ́n bá jẹ gluten. Celiac ni àwọn dókítà ń pè é. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò gbọ́dọ̀ jẹ ẹ́ títí ayé, yálà ó ní ọ́tísìmù tàbí kò ní. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ wà fún un, ṣùgbọ́n ìgbà tí ọmọ ṣì ń jẹ gluten ni a máa ń ṣe é. Bí a bá ti yọ ọ́ kúrò fún oṣù díẹ̀, àyẹ̀wò náà lè sọ pé kò sí nígbà tó wà. Nítorí náà, dókítà ni kó ṣáájú, kí yíyọ oúnjẹ tó tẹ̀ lé e.

Ẹ ṣọ́ eegun ọmọ

Ibi tí a fẹ́ kí ẹ̀yin òbí ti fetí sílẹ̀ jù nìyí. Ohun tó mú mílíìkì ṣe pàtàkì fún ọmọdé ni èròjà calcium tí ń mú eegun le. Àwọn ọmọ ilẹ̀ wa kì í mu mílíìkì púpọ̀ tẹ́lẹ̀. Bí a bá wá yọ díẹ̀ tó kù, kí ló kù?

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe àròsọ. Ní 1996, àwọn dókítà Ilé Ìwòsàn Ẹ̀kọ́ṣẹ́ Ìṣègùn Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun wa yìí, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tẹ ìwádìí jáde lórí àwọn ọmọ tí ẹsẹ̀ wọn tẹ̀ bí ọrun. Àrùn eegun tí wọ́n ń pè ní rickets ló ṣe wọ́n. Ní ilẹ̀ òyìnbó, àìrí oòrùn ló sábà máa ń fà á. Ṣùgbọ́n oòrùn kò wọ́n ní Ilé-Ifẹ̀. Àìtó calcium nínú oúnjẹ ni wọ́n rí pé ó fà á.

Ní 1999, ìwádìí mìíràn jáde láti Jos, lórí ọmọ 123 tó ní àrùn yìí. Calcium tó wà nínú oúnjẹ wọn lójúmọ́ kò ju nǹkan bí 200 mílígíráàmù lọ, bẹ́ẹ̀ ìlànà Amẹ́ríkà ní ọmọ ọdún mẹ́rin sí mẹ́jọ yẹ kó máa rí 1,000. Eegun àwọn ọmọ tí wọ́n fún ní calcium san ju ti àwọn tí wọ́n fún ní fítámì D nìkan lọ. Ní 2015, ìwádìí láti Jos tún fi hàn pé ẹja gbígbẹ tí wọ́n lọ̀ pọ̀ mọ́ eegun rẹ̀ lè mú kí eegun irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ san. Ẹja ni o, irú èyí tó wà nínú ọjà wa.

Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ fún òbí ọmọ tó ní ọ́tísìmù kò ṣòro. Ọjọ́ tí ẹ bá yọ mílíìkì ni kí ẹ fi ohun mìíràn tó ní calcium sí i, kì í ṣe lẹ́yìn oṣù mẹ́fà.

Ohun tó wà nínú agbọ̀n ọjà wa

Ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí New York, ẹni tó bá fẹ́ jẹ oúnjẹ aláìní gluten ní láti máa ra búrẹ́dì àkànṣe olówó gọbọi. Ní Ọ̀tan Ayégbajú, oko ló ti ń wá. Iṣu kò ní gluten. Ẹ̀gẹ́ kò ní in, bẹ́ẹ̀ ni àgbàdo, ọkà bàbà, ìrẹsì, ẹ̀wà, ọ̀gẹ̀dẹ̀, ànàmọ́ àti kókò. Nítorí náà, iyán wà níbẹ̀, àmàlà iṣu wà níbẹ̀, ẹ̀bà, láfún, ọ̀gì, ẹ̀kọ, tùwó, àkàrà, mọ́ín-mọ́ín, ẹ̀kuru, dòdò, dùndú àti àsáró. Ẹran, ẹja, ẹyin, ẹ̀fọ́ àti èso kò ní in. Ẹ jọ̀wọ́, ẹyin kì í ṣe mílíìkì. Àwọn kan máa ń yọ ọ́ mọ́ mílíìkì nítorí pé wọ́n jọ ń wà ní ibì kan náà nínú ṣọ́ọ̀bù. Kò sí ìdí láti yọ ọ́, àfi bí dókítà bá sọ pé ara ọmọ kò gbà á.

Àwọn tó ní gluten ni búrẹ́dì, búọ̀nsì, púfúpúfú, ṣinṣín, mítípáì, bísíkíìtì, Indomie àti irú rẹ̀, sùpàgẹ́tì, makarónì, sẹ̀mó tí wọ́n fi àlìkámà ṣe, àti àlìkámà tí wọ́n máa ń rò fún bàbá tó ní ìtọ̀ ṣúgà. Àwọn tó ní mílíìkì ni mílíìkì inú agolo àti ti lílọ̀, wàrà, nọ́nọ̀, fúrà tí wọ́n pò pẹ̀lú nọ́nọ̀, yógọ́ọ̀tì, bọ́tà àti áísìkiriìmù. Ohun mímu bíi Milo àti Bournvita ní málítì nínú. Ohunkóhun tó bá wà nínú páálí tàbí ọ̀rá, ẹ ka ara rẹ̀ kí ẹ tó rà á. Bí ẹ bá rí wheat, barley, malt tàbí semolina, gluten wà níbẹ̀. Bí ẹ bá rí milk, whey tàbí casein, mílíìkì wà níbẹ̀. Bí ìyá kò bá lè kà á, kí ẹ̀gbọ́n ọmọ kà á fún un.

Ní ti ohun tí a ó fi rọ́pò calcium, ẹja kékeré gbígbẹ tí a lè lọ̀ teegunteegun ló ṣíwájú. Ẹ yan án dáadáa, ẹ lọ̀ ọ́ kúnná, kí ẹ sì máa bu síbí kan sínú ọbẹ̀, mọ́ín-mọ́ín tàbí àsáró ọmọ. Edé náà dára. Sàdíìnì inú agolo dára bí a bá jẹ ẹ́ teegunteegun. Yànmọ̀tí, ẹ̀wà, irú àti ewébẹ̀ máa ń fi díẹ̀díẹ̀ kún un. Wàrà sóyà ń fún ọmọ ní èròjà tí ń mú ara dàgbà, ó sì ṣeé dín, ṣùgbọ́n kí a má rò pé calcium inú rẹ̀ tó ti mílíìkì. Bí ọmọ kò bá jẹ ẹja rárá, ẹ sọ fún dókítà kó wo bóyá ó nílò calcium oníhóró. Ẹ má lọ rà á fúnra yín.

Fún ọ̀gì àárọ̀ tí a máa ń da mílíìkì sí, ẹ lè lo mílíìkì sóyà tí ẹ sè nílé, tàbí ẹ̀pà tí ẹ lọ̀ kúnná. Ẹ ṣa ẹ̀pà náà dáadáa. Èyí tó bá ti hu èébú, ẹ dà á nù, nítorí pé májèlé máa ń wà nínú èébú ẹ̀pà.

Ọ̀rọ̀ kan fún àwọn ìyá tó ń fún ọmọ lọ́yàn: mílíìkì màlúù ni à ń sọ. Kí ẹnikẹ́ni má já ọmú lẹ́nu ọmọ nítorí ọ́tísìmù. Ọdún méjì tí Kùránì Alápọ̀nlé sọ ṣì wà níbẹ̀ fún ìyá tó bá fẹ́ pé e.

Sàráà, ilé kéú àti oṣù Ramadan

Ìyá lè ṣọ́ ilé ìdáná rẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè ṣọ́ gbogbo àdúgbò. Ọjọ́ Jímọ́ọ̀ ni wọ́n máa ń pín búrẹ́dì àti bísíkíìtì sàráà. Níbi ìsọmọlórúkọ, wọn yóò pín ṣinṣín. Ìyá àgbà yóò rí ọmọ ọmọ rẹ̀, yóò sì ki búọ̀nsì bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ nítorí ìfẹ́. Ẹ má bínú sí i. Ẹ ṣàlàyé fún un pẹ̀lú ọ̀wọ̀, kí ẹ sì fún un ní ohun tí òun náà lè máa fún ọmọ. Ọwọ́ ìyá àgbà kò gbọ́dọ̀ ṣófo.

Ohun tó lè wà lọ́wọ́ rẹ̀ pọ̀: dàbínù, ọ̀gẹ̀dẹ̀ pípọ́n, ìpékeré, gúgúrú, ẹ̀pà, róbó, àádùn, àgbàdo sísè. Ẹ sọ fún àáfáà ilé kéú pẹ̀lú, kí ọmọ máa gbé ìpápánu tirẹ̀ lọ. Ẹni tó bá sì ń ṣe sàráà lè fi àkàrà tàbí dàbínù kún un, kí gbogbo ọmọ lè rí nǹkan jẹ.

Ní oṣù Ramadan, mọ́sà tí wọ́n fi àgbàdo ṣe kò ní gluten, ṣùgbọ́n àwọn tó ń tà á lè ti fi fúláwà pò ó. Ẹ béèrè. Tàlíbínà tí a gbọ́ nínú hádíìsì pé ó máa ń tu ọkàn aláìsàn lára, ìyẹ̀fun ọkà báálì ni wọ́n fi ń sè é, wọ́n sì máa ń fi mílíìkì àti oyin sí i. Oúnjẹ tó dára ni fún ẹni tó bá bá a lára mu. Ọmọ tó ní celiac kò gbọ́dọ̀ jẹ ẹ́, nítorí pé gluten wà nínú báálì, ẹ̀sìn wa kò sì fi dandan mú ẹnikẹ́ni pé kó jẹ ohun tó ń pa á lára. Oyin àti dàbínù wà fún un.

Ohun kan tún ṣe pàtàkì ju oúnjẹ fúnra rẹ̀ lọ. Ẹ má jẹ́ kí ọmọ náà máa jẹun ní kọ̀rọ̀. Bí gbogbo ilé bá jẹ iyán lálẹ́, ọmọ náà bá wọn jẹ iyán nìyẹn. Ó sàn kí ilé fi ẹ̀kọ àti mọ́ín-mọ́ín rọ́pò búrẹ́dì lọ́jọ́ mélòó kan lọ́sẹ̀ ju kí ọmọ kan jókòó sí igun kó máa wo àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lẹ́nu.

Ìmọ́tótó ilé ìdáná

Bó bá jẹ́ pé dókítà ti sọ pé celiac ni, díẹ̀ pàápàá kò gbọ́dọ̀ kan oúnjẹ ọmọ. Ẹ má fi òróró tí ẹ ti fi dín púfúpúfú dín àkàrà rẹ̀. Ẹ ní asẹ́ ọ̀tọ̀ àti orógùn ọ̀tọ̀ fún un, nítorí pé àlìkámà bàbá máa ń lẹ̀ mọ́ igi orógùn. Ẹ fi ọṣẹ àti omi tó mọ́ fọ ìkòkò kí ẹ tó se tirẹ̀. Bí ẹ bá gbé èlùbọ́ tàbí àgbàdo lọ sí ẹ̀rọ ìlọta, ẹ béèrè ohun tí wọ́n lọ̀ kẹ́yìn. Bó bá jẹ́ àlìkámà ni, ẹ jẹ́ kí ẹlòmíràn ṣáájú yín. Fún ọmọ tí kò ní celiac, kò pọn dandan kí ẹ le tó báyìí. Ìmọ́tótó tí ẹ̀sìn wa kọ́ wa ti tó.

Bí a ṣe lè dán an wò láì tan ara wa jẹ

Bí ẹ bá ti rí gbogbo èyí, tí ẹ sì ṣì fẹ́ dán an wò, ọ̀nà tó tọ́ nìyí.

Èkínní, ẹ gbé ọmọ lọ sí ẹ̀ka ìtọ́jú ọmọdé. Ó wà ní Wesley Guild ní Iléṣà, ó wà ní ilé ìwòsàn ńlá Ilé-Ifẹ̀, ó sì wà ní ilé ìwòsàn UNIOSUN ní Òṣogbo. Kí wọ́n wo celiac, aràn, eyín, etí àti inú líle. Eyín tó ń dun ọmọ tí kò lè sọ̀rọ̀ lè mú kó máa gbá orí mọ́ ògiri.

Èkejì, ẹ wọn ọmọ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì máa wọ̀n ọ́n lóṣooṣù. Ọ̀rọ̀ ìwọ̀n yìí kì í ṣe àjèjì ní agbègbè wa. Ní Ìmẹ̀sí-Ilé, tí kò jìnnà sí Ọ̀tan, ni Dókítà David Morley ti ilé ìwòsàn Wesley Guild ti bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́pa gbogbo ọmọ tí wọ́n bí ní ìlú náà láti 1957. Ibẹ̀ ló ti ṣe káàdì ìdàgbàsókè tó ń fi ìwọ̀n ọmọ hàn lóṣooṣù, èyí tó wá tàn kálẹ̀ ayé. Káàdì tí ẹ ń rí ní ilé ìgbẹ̀bí lónìí, ìran rẹ̀ ni. Bí ìlà inú káàdì bá dúró sójú kan tàbí tó ń lọ sílẹ̀, ẹ dá oúnjẹ náà dúró, kí ẹ sì padà sọ́dọ̀ dókítà.

Ẹ̀kẹta, ohun kan ṣoṣo ni kí ẹ yọ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú mílíìkì, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Ẹ má ṣe bẹ̀rẹ̀ oògùn tuntun tàbí ilé ìwé tuntun ní àsìkò kan náà, nítorí pé ẹ kò ní mọ èyí tó ṣiṣẹ́. Ọmọ tó bá ń ṣa oúnjẹ, ẹ yí tirẹ̀ padà díẹ̀díẹ̀. Ẹ má gba búrẹ́dì lọ́wọ́ ọmọ tó jẹ́ pé búrẹ́dì nìkan ló ń jẹ kí ó tó gba nǹkan mìíràn.

Ẹ̀kẹrin, ẹ ní ìwé kan. Lójoojúmọ́, ẹ kọ wákàtí tí ọmọ sùn, bí ìgbẹ́ rẹ̀ ti rí, àti iye ìgbà tó bu ara rẹ̀ jẹ. Kí olùkọ́ rẹ̀ náà máa kọ tirẹ̀ láì mọ ọjọ́ tí ẹ yọ mílíìkì.

Ẹ̀karùn-ún, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ẹ dá mílíìkì padà, àfi bí dókítà bá ti sọ pé kí ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ìwé bá fi hàn pé kò sí ìyàtọ̀, ẹ jẹ́ kí ọmọ máa jẹun rẹ̀ lọ. Kì í ṣe pé ẹ ti kùnà. Ẹ ti rí ìdáhùn.

Ẹni tó bá wá bá yín pẹ̀lú oúnjẹ inú páálí tó ní yóò wo ọ́tísìmù láàárín oṣù mẹ́ta, ẹ di owó yín mú. Owó yẹn á tó wọkọ̀ lọ sí Òṣogbo tàbí Iléṣà níye ìgbà, lọ́dọ̀ àwọn tí yóò kọ́ ọmọ bó ṣe lè fi ọ̀rọ̀, ọwọ́ tàbí àwòrán sọ ohun tó fẹ́. Ohun tí ọ̀pọ̀ ọmọ tó ní ọ́tísìmù nílò jù nìyẹn: ẹni tí yóò kọ́ ọ, ẹni tí yóò ní sùúrù fún un, àti ilé tí kò fi í pamọ́ fún àlejò.

Ọmọ jẹ́ àmánà lọ́wọ́ wa. Ọlọ́hun yóò bi wá nípa eegun rẹ̀ àti ikùn rẹ̀, bí yóò ti bi wá nípa ẹ̀kọ́ rẹ̀. Kí Ọlọ́hun fún àwọn ọmọ wa ní àlàáfíà, kó fún àwọn ìyá wọn ní okun, kó sì fún gbogbo wa ní òye. Àmín.